Lórí minor tí o fẹ́ fi kún ẹ̀kọ́ rẹ

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì kà á. O ní àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ń fi minor, ìyẹn ẹ̀kọ́ kékeré kejì, kún ẹ̀kọ́ wọn, ọkàn rẹ kò sì balẹ̀ mọ́ pé ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé nìkan lè mú ọ dé ìdí iṣẹ́ ìṣúná.

Orúkọ minor lásán kò ní gbé ọ wọlé, ọmọ mi. Ìlà kan péré ni yóò gbà lórí CV rẹ. Ohun tí àwọn kọ́ọ̀sì inú rẹ̀ bá kọ́ ọ ni mo ń wò.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń yẹ ìwé àwọn tó ń wá yá owó wò. Bí a bá ń gba ọ̀dọ́ síṣẹ́, ìbéèrè kan wà tí n kì í fò: báwo ni ilé iṣẹ́ ṣe lè jèrè lọ́dún kan, kó má sì rí owó oṣù san? Mo rántí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí orúkọ ẹ̀kọ́ kún inú ìwé rẹ̀. Ó dákẹ́. Ẹ̀kọ́ ìtàn ni ẹni tó tẹ̀ lé e kà, ṣùgbọ́n ó ti gba kọ́ọ̀sì ìṣirò owó méjì. Ó ní wọ́n lè ti ta ọjà láwìn, kí wọ́n ti kọ èrè rẹ̀ sílẹ̀, kí owó ṣì wà lọ́wọ́ oníbàárà. Òun la gbà.

Ìwọ náà dán ara rẹ wò. Ká ní ilé iṣẹ́ kan fi dọ́là 10 kún iye tó ń yọ kúrò nínú èrè lọ́dún nítorí ẹ̀rọ tó ń gbó, owó orí sì jẹ́ 20 nínú 100. Èrè á fi 8 dín, torí pé owó orí á fi 2 dín. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó san 10 yẹn fún ẹnikẹ́ni, orí ìwé ló wà, nítorí náà owó ọwọ́ wọn á fi 2 lé sí i. Ẹ̀rọ dín ní 10, owó lé ní 2: ohun-ìní dín ní 8, ìpín àwọn tó ni ilé iṣẹ́ náà sì dín ní 8. Irú ìbéèrè yìí ni wọ́n máa ń bi àwọn tó ń wáṣẹ́ ní báńkì ìdókòwò. Bí o bá lè ṣàlàyé rẹ̀ láìwo ìwé, má wulẹ̀ mú minor ìṣúná. Bí kò bá yé ọ, kọ́ọ̀sì ìṣirò owó méjì tó, láìmú minor kankan.

Èyí tí mo lè fọwọ́ sí ni Statistics, ìyẹn ẹ̀kọ́ kíkó iye jọ àti títú u wò, tàbí kọ̀ǹpútà. Ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ni Harry Markowitz náà kà bíi tìrẹ. Statistics ló fi ṣàlàyé lọ́dún 1952 bí pípín owó sí ìdókòwò oríṣiríṣi ṣe ń dín ewu kù, ó sì gba Ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ lọ́dún 1990.

Ṣùgbọ́n wo ohun tí yóò ná ọ. Minor sábà máa ń gba kọ́ọ̀sì márùn-ún sí mẹ́fà, ìyẹn credit 15 sí 18 nínú 120 tí wọ́n fi ń gba oyè. Àwọn báńkì ńlá ní Amẹ́ríkà sì lè yan ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ní ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣáájú kí ìkọ́ṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá fi máa ka CV rẹ, bóyá kọ́ọ̀sì méjì lo máa ti ṣe nínú minor náà, ṣùgbọ́n GPA rẹ, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì rẹ, á ti wà níwájú wọn. O ti sọ fún mi pé o kì í sùn tó. Ìyẹn ló ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Kọ orúkọ àwọn kọ́ọ̀sì minor Statistics yẹn ránṣẹ́ sí mi kí ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ tó pé. Fi àmì sí èyí tí o ti ṣe tẹ́lẹ̀ fún ẹ̀kọ́ rẹ. Bó bá ku mẹ́ta péré, mú un. Bó bá ku márùn-ún, a ó jọ sọ ọ́ lórí fóònù kí o tó fọwọ́ sí nǹkan kan.

Ìyá rẹ