Dán ojú àmì kan wò kí o tó kùn

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ. O ní ìdọ́gba kò yọ ọ́ lẹ́nu, o lè ya ìlà rẹ̀ lórí gíráàfù; àmọ́ bí wọ́n bá ti fi < tàbí ≥ rọ́pò =, o ò ní mọ apá tó yẹ kí o kùn mọ́.

Má mikàn. Ìlà kan náà ni. Àìdọ́gba kàn ń bi ọ́ pé apá wo lára ìlà náà ni ìdáhùn wà. Gbogbo apá tí o bá kùn sì ni ìdáhùn, kì í ṣe nọ́ńbà kan ṣoṣo.

Wo ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ. Ká ní aṣọ ọ̀pá 12 ló kù nílẹ̀. Búbá ọmọdé ń gba ọ̀pá 2, ti àgbàlagbà ń gba 3. Pe ti ọmọdé ní x, kí o pe ti àgbà ní y: 2x + 3y ≤ 12, ìyẹn ni pé aṣọ tí a lò kò gbọ́dọ̀ ju ọ̀pá 12 lọ. Kọ́kọ́ ṣe é bí ìdọ́gba. Bí x bá jẹ́ òdo, y á jẹ́ 4. Bí y bá jẹ́ òdo, x á jẹ́ 6. Sàmì sí (0, 4) àti (6, 0), kí o fi rúlà so wọ́n pọ̀. Má ṣe gé ìlà náà, torí ìyá rẹ lè lo aṣọ yẹn tán pátá: búbá ọmọdé 3 àti ti àgbà 2 á gba ọ̀pá 12 géérégé. Bó bá jẹ́ < lásán ni, ìlà tí a gé wẹ́wẹ́ ni wàá yà, nítorí orí ìlà kò sí nínú ìdáhùn.

Apá wo wá ni ká kùn? Mú ojú àmì kan, bíi (0, 0), níbi tí x àti y ti jẹ́ òdo, kí o fi sí i: 0 ≤ 12, òótọ́ ni. Apá ibi tí (0, 0) wà ni. Mú (3, 3) wò: 6 + 9 jẹ́ 15, aṣọ ò tó, òdìkejì ló bọ́ sí. Níwọ̀n bí kò ti sẹ́ni tó lè rán búbá tí kò tó òdo, x ≥ 0 àti y ≥ 0 á sé e mọ́ inú igun mẹ́ta kan. Inú irú àyè báyìí ni àwọn iléeṣẹ́ ti ń wá èrè tó pọ̀ jù, láti ìgbà tí onímọ̀ ìṣirò George Dantzig ti gbé ọ̀nà ìṣirò rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1947.

Ibi tí mo fẹ́ kí o ti ṣọ́ra gan-an nìyí. Àwọn ọmọ kíláàsì mi a máa sọ pé bó bá ti jẹ́ <, ìsàlẹ̀ ni ká kùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbé 2x − y < 4 wò. Ìlà rẹ̀ gba (2, 0) àti (0, −4) kọjá. Fi (0, 0) dán an wò: 0 < 4, òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ òkè ìlà ni (0, 0) wà! Bí o bá fẹ́ dá y sọ́tọ̀, wàá fi −1 sọ apá méjèèjì di púpọ̀, àmì á sì yí padà: y > 2x − 4. Nọ́ńbà tó kéré sí òdo ló ń fa èyí, ì báà jẹ́ ìsọdipúpọ̀ tàbí pípín. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí o dán ojú àmì kan wò ju kí o há òfin sórí lọ.

Bí ìlà bá gba (0, 0) fúnra rẹ̀ kọjá, bíi y > 2x, mú (0, 1) dípò.

Tí o bá dé gbọ̀ngàn WAEC, ka ìbéèrè dáadáa. Àwọn ìwé kan ń kun apá tí a fẹ́. Àwọn mìíràn ń kun èyí tí a kò fẹ́, kí tiwa lè mọ́ kedere. Kọ èyí tí o ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíráàfù rẹ.

Ya 3x − 2y ≥ 6 lálẹ́ òní, kí o ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ìyá rẹ ń kí ọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ