Mi ò ní fún ẹ ní £600 yẹn, àmọ́ jókòó kó o ka lẹ́tà yìí

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Kú iṣẹ́ o. Aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá tí mò ń tẹ èyí lórí fóònù, mi ò sì rí awò ojú mi, torí náà tó o bá rí ibi tí lẹ́tà ti fò, ìwọ náà bá mi fò ó. Látìgbà tó o ti pè mí lọ́sàn-án Sọ́ńdè pé kí n wá £600 fún ẹ, tó o fẹ́ fún ọ̀gbẹ́ni kan tó ní òun máa bá ẹ nu fáìlì kírẹ́díìtì ẹ, ìyẹn àkọsílẹ̀ bó o ṣe ń san gbèsè, mọ́ láàárín oṣù kan, oorun ò kùn mí. Mi ò ní fún ẹ. Kì í ṣe pé mi ò ní, èmi ni mo máa kó àjọ ìparí oṣù yìí. Ohun tí ọkùnrin yẹn fẹ́ tà fún ẹ ni mi ò fara mọ́, torí apá tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, apá tó kù, irọ́ gbuu ni.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ fún ẹ rí. Lọ́dún 2008, nígbà tó o ṣì wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Iléṣà, tí mò ń ṣe kílíínà láàárọ̀ tí mo tún ń ṣe kẹ́ẹ̀rì lálẹ́, mo jẹ gbèsè tó jù mí lọ. Àga ìjókòó, ẹ̀rọ ìfọṣọ, káàdì ṣọ́ọ̀bù aṣọ méjì, àwìn ni mo ra gbogbo ẹ̀ torí mo fẹ́ kí ilé jọ ilé kó o tó dé. Wọ́n gé wákàtí iṣẹ́ mi kù, mi ò rí i san mọ́, lẹ́tà bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. O mọ àpòòwé funfun yẹn, èyí tó ní fèrèsé kékeré níwájú, tí orúkọ èèyàn máa ń yọjú níbẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ni? Mi ò ṣí ọ̀kankan. Àpò ìrẹsì basmati tó ní síìpù lẹ́nu ni mò ń kó wọn sí, mo ki àpò yẹn bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo wá ń kúnlẹ̀ gbàdúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ láràárọ̀. Nígbà tó dọdún kejì mo kó kúrò ní Peckham lọ sí Thamesmead, mi ò sọ fún ọ̀kan nínú àwọn tí mo jẹ lówó, mo rò pé mo gbọ́n. Ilé àtijọ́ ni kóòtù kọ̀wé sí. Mi ò dáhùn, mi ò yọjú, wọ́n bá dá ẹjọ́ CCJ lé mi lórí, ìyẹn ìdájọ́ kóòtù pé mo jẹ gbèsè, èmi wà ní kíṣìnnì ní Thamesmead mò ń ro àmàlà, mi ò mọ nǹkan kan.

Ṣọ́ọ̀bù fóònù ní Woolwich ni mo ti wá mọ̀. Mo fẹ́ gba fóònù tí wọ́n ń san lóṣooṣù, ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, ó tẹ orúkọ mi, ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó tún un tẹ̀, ó wá rọra yí ojú kọ̀ǹpútà yẹn sápá ọ̀dọ̀ ara ẹ̀ kí n má bàa rí i, ó ní wọn ò gbà. Màmá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló tò sẹ́yìn mi. Mo ní mi ò kúkú fẹ́ràn fóònù yẹn tẹ́lẹ̀, mo jáde, mo fẹsẹ̀ rìn délé.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ká ní mo san owó yẹn tán láàárín oṣù kan sígbà tí wọ́n dá ẹjọ́ yẹn ní 2009, wọn ì bá pa á rẹ́ pátápátá bíi pé kò ṣẹlẹ̀. Mi ò mọ̀ ná, mi ò ṣí lẹ́tà! Ọdún 2011 ni mo tó san án tán, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo ti san, àmọ́ kò kúrò títí ọdún mẹ́fà fi pé ní 2015. Torí náà nígbà tó o sọ lórí fóònù pé báàgì kan wà nínú wọ́dúróòbù ẹ ní Leeds tí o ò fẹ́ wò, mo ti mọ ohun tó wà níbẹ̀, mo tún mọ bó ṣe wúwo.

Bàbá bàbá mi, òṣómàáló ni wọ́n. O ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá àgbà, àwa Ìjẹ̀ṣà tá à ń gbé aṣọ kiri abúlé tá à ń tà á láwìn, tó bá dọjọ́ owó wọ́n á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè pé òṣó ni mà á ló gbowó mi, mi ò jókòó, mi ò mumi. Àwọn èèyàn ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí dòní. Àmọ́ bàbá mi sọ fún mi pé kí wọ́n tó gé aṣọ fún ẹnikẹ́ni, wọn kì í bèèrè pé ṣé ó lówó, ohun tí wọ́n máa ń bèèrè káàkiri abúlé ni pé ta ló tà á láwìn gbẹ̀yìn, ìgbà wo ló san án? Àgbẹ̀ tí ò ní ju oko ẹ̀gẹ́ kan lọ, tó ń san lọ́jọ́ tó dá, á gba aṣọ, olóko kòkó ńlá tó máa ń gba ẹ̀yìnkùlé sá ò ní rí gbà. Experian, Equifax àti TransUnion, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń tọ́jú fáìlì wa níbí, iṣẹ́ bàbá àgbà ni wọ́n ń ṣe, wọn ò kàn lóṣòó ni. Owó oṣù ẹ ò sí nínú fáìlì yẹn. Àjọ tí mò ń dá láti ọdún mọ́kànlá tí mi ò pẹ́ san rí lẹ́ẹ̀kan, kò sí níbẹ̀. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni ẹni tó fún ẹ láwìn àti bó o ṣe ń san án lóṣooṣù.

Ó dáa, ọ̀rọ̀ ọkùnrin £600 wá kù. Ohun tó bá jẹ́ òótọ́ nínú fáìlì ẹ, kò sí ẹni tó lágbára láti yọ ọ́ ṣáájú àsìkò, ì báà gba £6,000. Èyí tí kì í bá ṣe òótọ́, ìwọ fúnra ẹ lè kọ̀wé sí wọn láìsan kọ́bọ̀, wọ́n á bèèrè lọ́wọ́ báńkì, wọ́n sì ní ọjọ́ 28 láti dá ẹ lóhùn. Fáìlì yẹn gan-an, ọ̀fẹ́ ni. Gba ti mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí gbogbo báńkì kọ́ ló ń ròyìn fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, o lè rí nǹkan lọ́dọ̀ ọ̀kan tí kò sí lọ́dọ̀ èkejì. Má tiẹ̀ wo skọ́ọ̀ tí wọ́n kọ gàdàgbà sójú ewé àkọ́kọ́ yẹn, olúkúlùkù wọn ló ní bó ṣe ń ka tiẹ̀, inú ni kó o lọ kà, ìlà dé ìlà.

Ohun tó o máa kọ́kọ́ wá ni ọjọ́ tí wọ́n kọ difọ́ọ̀tì sílẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ pé o ò san gbèsè bó ṣe yẹ. Ọdún mẹ́fà ni difọ́ọ̀tì ń lò, ọjọ́ yẹn ni wọ́n sì ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tó o san tán. Tó bá jẹ́ Máàṣì 2022 ni wọ́n kọ ti káàdì ẹ bó o ṣe sọ, Máàṣì 2028 ló máa kúrò. Ti lóònù yẹn, Ọ́gọ́ọ̀sì 2023, Ọ́gọ́ọ̀sì 2029 nìyẹn. Má wá gbọ́ eléyìí kó o ní ẹ jẹ́ n kúkú sá pamọ́ títí di 2028 o! Tí wọ́n bá gbé ẹ lọ sí kóòtù kó tó dìgbà yẹn, CCJ máa bẹ̀rẹ̀ ọdún mẹ́fà tiẹ̀ lọ́tọ̀, bí tèmi. Ẹni tó bá sì fẹ́ yá ẹ lówó ilé lọ́la, ojú tó máa fi wo difọ́ọ̀tì tí o ti san tán yàtọ̀ sí ojú tó máa fi wo èyí tó ṣì ṣí sílẹ̀.

Wo ọjọ́ yẹn dáadáa torí wọ́n máa ń ṣì í kọ. Tí báńkì bá ta gbèsè ẹ fún iléeṣẹ́ agbowó, iléeṣẹ́ yẹn ò gbọ́dọ̀ kọ ọjọ́ tuntun, ọjọ́ àtijọ́ náà ló gbọ́dọ̀ máa bá a lọ. Áńtì kan níbi iṣẹ́ wa, ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi sún ọjọ́ tiẹ̀ síwájú, ẹ̀rù ń bà á láti bèèrè, ìgbà tó wá kọ̀wé, kò pé oṣù méjì tí gbogbo ẹ̀ fi pòórá nítorí ọdún mẹ́fà ẹ̀ ti pé tipẹ́.

Bọ́yá o ò ní fẹ́ gbọ́ èyí tó kàn. Ọmọkùnrin yẹn (mi ò dárúkọ ẹ̀, mo ti ṣèlérí), àkáǹtì tẹ́ ẹ jọ ṣí nígbà yẹn ṣì so yín pọ̀. Ìgbàkígbà tó o bá lọ tọrọ kírẹ́díìtì, wọ́n lè yọjú wo fáìlì tiẹ̀ náà, a sì mọ irú èèyàn tó jẹ́ sí owó. Ẹ san ohun tó kù nínú ẹ̀, ẹ pa àkáǹtì náà dé, kó o wá kọ̀wé sí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé kí wọ́n já orúkọ yín, "disassociation" ni wọ́n ń pè é. Ìyàwó tó ní nísinsìnyí lè rò pé o ṣì ń wá a, kí ó rò ó.

Lọ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Mo mọ̀ pé páálí Nàìjíríà lo ṣì ń lò, kò burú, ọmọ Commonwealth ni wá, ẹni tó bá ní ìwé ìgbélùú lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ọ̀pọ̀ èèyàn wa ni ò mọ̀. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń yáni lówó fi ń mọ̀ pé ibi tó o ní ò ń gbé lo ń gbé lóòótọ́. Kí orúkọ ẹ náà jẹ́ bákan náà níbi gbogbo, kì í ṣe kó o lo orúkọ òyìnbó ní báńkì kan, orúkọ Yorùbá ní òmíì, ẹ̀yin méjì lẹ máa dà lójú kọ̀ǹpútà.

Ní ti gbèsè £11,400 tó o jẹ fúnra ẹ̀, má dá a ṣe. Àwọn tó ń gba onígbèsè nímọ̀ràn wà, StepChange wà, National Debtline wà, Citizens Advice wà, ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Wọ́n lè fi ẹ sínú ohun tí wọ́n ń pè ní Breathing Space, ọjọ́ 60, àwọn tó o jẹ ò ní lè fi èlé kún un, wọn ò ní lè máa dà ẹ́ láàmú, o máa rójú ronú. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á bá ẹ pín ohun tó ṣẹ́kù nínú owó oṣù ẹ láàárín gbogbo wọn. Wọ́n máa sọ fún ẹ nípa DRO náà, ìyẹn àṣẹ tó ń pa gbèsè rẹ́ fún ẹni tí ò lágbára láti san án, àmọ́ mi ò rò pé tìẹ ni, ẹni tí ohun tó ń ṣẹ́kù fún un lóṣù ò ju £75 lọ ni wọ́n ṣe é fún. IVA tí wọ́n ń polówó kiri Facebook yẹn, ìyẹn àdéhùn lábẹ́ òfin láti máa san gbèsè díẹ̀díẹ̀, jọ̀ọ́, ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà ni, owó iṣẹ́ tiwọn sì wà nínú ohun tí wàá máa san, má buwọ́ lù ú nítorí pé ẹni tó pè ẹ́ lóhùn tútù.

Kí o tó san fún káàdì kankan, owó ilé, council tax, gáàsì àti iná ni kó o kọ́kọ́ yọ. Mo mọ̀ pé àwọn oníkáàdì ló ń pè ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹfà lójúmọ́, council ò pe ẹnikẹ́ni, àmọ́ council ló lè tètè rán bailiff, àwọn tó ń wá gbẹ́rù ẹni nítorí gbèsè, sí ẹ. Tún ṣí àkáǹtì síbi tí o ò ti jẹ gbèsè, kí owó oṣù ẹ máa wọ ibẹ̀, torí báńkì tó o jẹ ní overdraft (owó tó o ná kọjá èyí tó wà nínú àkáǹtì) lè rí owó oṣù yẹn kó mú tiẹ̀ ṣáájú kó o tó jí. Tí iléeṣẹ́ kan bá sì ní kó o san ìdajì kí òun fi ìyókù jì ẹ́, gbà á lórí ìwé kó o tó san kọ́bọ̀. Ẹnu lásán ò tó.

Ká ní nǹkan bí ọdún kan sí i, tọ́rọ̀ bá ti rọlẹ̀, kí o wá gba káàdì kékeré kan, èyí tí wọ́n ṣe fún irú wa, wọn ò ní fún ẹ ju £200 tàbí £300 lọ. Èlé orí ẹ̀ burú jáì, àmọ́ kò ní kàn ẹ́. Bí mo ṣe ṣe tèmi ni pé epo mọ́tò nìkan ni mò ń fi rà, £40 lóṣù, mo wá ṣe direct debit kí báńkì máa yọ owó san gbogbo ẹ̀ fúnra ẹ̀ lóṣooṣù, káàdì yẹn kì í wọ pọ́ọ̀sì mi, inú dáṣíbọ́ọ̀dù ló ń gbé, torí mo mọ ara mi tí mo bá dé ọjà tí mo rí pọ̀nmọ́. Má sì máa tọrọ káàdì kiri, gbogbo ìgbà tó o bá tọrọ ló ń fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ nínú fáìlì. Àwọn tó ní ibi tó o ti lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n máa gbà ẹ́, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan.

Fráídè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mò ń bọ̀ ní Leeds, mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì kóòṣì, mà á dé ní nǹkan bí aago mẹ́ta. Ra fáìlì mẹ́ta kalẹ̀, àti páńṣà tí wọ́n fi ń lu ìwé. Má ṣí báàgì yẹn kí n tó dé tó bá ń dẹ́rù bà ẹ́, èmi ni mà á máa ya àpòòwé, ìwọ á máa ka ọjọ́ sí mi létí. Ẹ̀fọ́ rírò wà nínú firísà, mà á gbé e bọ̀, ìwọ wá iyán sílẹ̀.

Màmá ẹ.

Tún gbọ́ o, ọkùnrin £600 yẹn, blọ́ọ̀kì nọ́ńbà ẹ̀ kó o tó sùn lálẹ́ òní.