Nọ́ńbà ọkọ̀ kì í ṣe ẹ̀sùn

Sí Olóòtú,

Ọlọ́pàá tó rí nọ́ńbà KJA lójú ọ̀nà Nyanya ní Àbújá, tó wá ń bi awakọ̀ pé “ọmọ ibo ni ẹ́?”, kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ìkẹjà tí wọ́n ti gba nọ́ńbà ni lẹ́tà yẹn ń sọ, kì í ṣe ẹ̀yà ẹni tó ń wakọ̀. Abala 42 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sì ti ka irú ojúsàájú bẹ́ẹ̀ léèwọ̀.

Alẹ́ ni nǹkan máa ń dojú rú jù. Iná inú ọkọ̀ ti kú, awakọ̀ sáré na ọwọ́ síbi tí ìwé wà, ọlọ́pàá rò pé ìbọn ló fẹ́ fà yọ. Ẹ̀yin awakọ̀, tí ọlọ́pàá bá dá yín dúró, ẹ rọra páàkì, ẹ tan iná inú, ẹ sọ gíláàsì kalẹ̀, kí ọwọ́ méjèèjì wà lórí sítíárín. Ẹ sọ ibi tí ìwé wà kí ẹ tó mú un.

Ṣùgbọ́n ẹrù ọlọ́pàá ló wúwo jù, òun ló gbé ìbọn. Kí ẹnu AK-47 kọjú sílẹ̀, kí ìka má sì sí níbi tí wọ́n ti ń yìn ín. Ẹni tó yìnbọn sí táyà ọkọ̀ tó ń sá lọ (àṣà burúkú gbáà), ọta lè ta padà lára ọ̀dà ojú títì kó ba ẹlẹ́kọ tó jókòó sẹ́bàá títì.

Tí wọ́n bá mú èèyàn, abala 35 ìwé òfin kan náà ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ fún un láàrin wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́. Àgọ́ ọlọ́pàá mélòó ní Àbújá ló lè kọ ọ́ ní Yorùbá?

Àwa òǹkàwé yín,
Kubwa, Àbújá