Àjọkẹ́, bá mi béèrè orúkọ irun lọ́wọ́ Màámi

Àjọkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé òtútù ọ̀hún ti rọlẹ̀ díẹ̀? Gbogbo wa wà ńbí, a dúpẹ́. Délé ti wọ yunifásítì, Bọ̀dá Láyí sì ti kó kúrò ní ìsàlẹ̀, ilé wá pa lọ́lọ́.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni pé mo rí ìwé àwòrán J.D. 'Okhai Ojeikere, ayafọ́tò ọmọ Nàìjíríà, lọ́wọ́ ọ̀gá mi, ọkàn mi kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Irun, Àjọkẹ́! Dúdú àti funfun, ẹ̀yìn orí obìnrin ló pọ̀ jù níbẹ̀, ojú wọn kò hàn, síbẹ̀ bí ẹni tí mo mọ̀ rí ni wọ́n ń ṣe mí. Mo tẹjú mọ́ èyí tó pè ní Onílé Gogoro, tó yà ní 1975. Òwú wé irun náà pinpin, wọ́n fà á sókè, wọ́n wá so ó pọ̀ lókè téńté. Ká ní ó ní àwọ̀ ni, aṣọ ni n bá máa wò. Báyìí, ilà orí tó mọ́ tónítóní yẹn ni mò ń wò.

Ọmọ ìpínlẹ̀ Ẹdó ni bàbá náà, 1930 ni wọ́n bí i, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ló ti ṣiṣẹ́ nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò fún ìjọba ní 1954, kó tó wá lọ sí Èkó ní 1963. Nígbà tó di 1968 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun. Ó mọ̀ pé bó pẹ́ bó yá wọn á tú u, gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ onídìrí á sì di òfo. Bó bá rí ẹni tó dìrí dáadáa lójú títì, ní ọ́fíìsì tàbí níbi ìgbéyàwó, á bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí òun yà á. Ó ṣe é títí ó fi tó bí ẹgbẹ̀rún àwòrán. Ní 2013 wọ́n pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Venice, ní Ítálì. Nígbà tó di 2014, ó papò dà. Mo fẹ́ràn pé ó kọ orúkọ irun tó pọ̀ sílẹ̀.

Mo fi wọ́n han Ṣadé àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ṣùkú nìkan ni wọ́n dá mọ̀. Pàtẹ́wọ́, kòlẹ́sẹ̀, ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, wọn ò gbọ́ ọ rí! Ọmọ tí wọ́n bí sáàárín wa!

Àjọkẹ́, jẹ́ kí n sọ ọ́. Nígbà tí mo bá Màámi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, Fúnmi ni wọ́n ń pè mí, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe orúkọ mi, mo sì dáhùn. O ní ó rẹ̀ wọ́n ni. Ṣé ó rẹ̀ wọ́n lásán ni? Jọ̀ọ́, mú wọn lọ rí dókítà, má fi falẹ̀.

Mo sì ní ẹ̀bẹ̀ kan. Mo ti fi àwọn àwòrán náà ránṣẹ́ sórí WhatsApp rẹ. Láàárọ̀, nígbà tí ara wọ́n bá yá gágá, fi hàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o sì gba ohùn wọn sílẹ̀. Àwọn ni wọ́n dìrí fún gbogbo àdúgbò wa, títí kan irun ọdún yẹn tí o sunkún lé lórí. Bí wọ́n bá pe orúkọ méjì fún ẹyọ kan, má bá wọn jiyàn, gba méjèèjì sílẹ̀. Bí wọ́n bá sì ń kọrin, má pa fóònù.

Bá mi kúnlẹ̀ kí wọn. Mò ń retí èsì rẹ.

Èmi ni tìrẹ,
Àṣàkẹ́