Ẹ Má Ní Ká Yọ Àmì Kúrò Lára Ọ̀rọ̀ Wa

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu ni mo ti ń kọ̀wé sí yín, ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí, mi ò sì lè gbé e mì.

Èmi ni mò ń bá ẹgbẹ́ wa tẹ orin ẹ̀fẹ̀ tí àwọn àgbà ń kọ lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, Bloc-notes lásán (Notepad lédè Gẹ̀ẹ́sì) ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́, orin kan fáìlì kan, torí fáìlì .txt kì í wúwo, kò sì sí kọ̀ǹpútà tí ò lè ṣí i. A wá ní kí ọmọkùnrin kan bá wa ṣe prógíráàmù kékeré kan, téèyàn bá ti tẹ orúkọ orin kí orin náà jáde sójú wíńdò, káwọn ọmọ wa lè máa kà á. Lọ́jọ́ tó fẹ́ fi hàn wá, ìyá àgbà tó ni orin àkọ́kọ́ ti wé gèlè, wọ́n jókòó síwájú, ọmọ-ọmọ wọn ló fẹ́ kà á sí wọn létí. Ibi tí mo kọ "ẹyẹ" sí, "áº¹yáº¹" ló jáde. Ọmọ náà dákẹ́. Orin kejì ò tiẹ̀ jáde rárá, wíńdò kàn funfun báláú ni.

Ọmọkùnrin yẹn wá ní ká lọ yọ àmì kúrò, pé kọ̀ǹpútà ò mọ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ yìí ló bí mi nínú!

Kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n. Látọdún 1992 tí Ken Thompson àti Rob Pike ti gbé UTF-8 kalẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà fi nọ́ńbà tọ́jú lẹ́tà, ó láyè fún ẹ, ọ, ṣ wa, ó sì láyè fún ɛ àti ɔ táwọn tó ń kọ́ni ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà níbí ń lò. Báìtì mẹ́ta, ìyẹn nọ́ńbà kéékèèké tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú, ni lẹ́tà "ẹ" gbà nínú fáìlì: E1, BA, B9. Python, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ prógíráàmù, ni ọmọkùnrin yẹn fi kọ ọ́ lórí Windows, kò sì sọ fún un pé UTF-8 ni fáìlì wa, ìyẹn ló ṣe lọ mú àtẹ àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní 1252, báìtì kọ̀ọ̀kan wá di lẹ́tà tiẹ̀, á, º, ¹. Ti ọ tún burú jùyẹn lọ torí báìtì kẹta rẹ̀, 8D, kò ní nǹkan kan nínú àtẹ yẹn, Python á kàn dúró síbẹ̀ ni. Orin kejì sì kún fún ọ. Kó tiẹ̀ fi "école" dán an wò ni, ì bá rí "Ã©cole", ì bá ti mọ̀ pé kì í ṣe ẹjọ́ Yorùbá.

Ọmọ àbúrò mi tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Àjàṣẹ́ ló bá wa tún un ṣe, encoding="utf-8" ló fi kún ìlà tó ń ṣí fáìlì, ó parí. Ó tún bá wa yọ Label, àpótí ọ̀rọ̀ tí ọmọkùnrin yẹn lò nínú wíńdò, torí orin tó bá gùn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa ń wọlẹ̀ sábẹ́ wíńdò ni, kò sì síbi téèyàn fẹ́ fà á sókè. Text, irú àpótí mìíràn, ló fi dípò ẹ̀, ó fi scrollbar tí wọ́n fi ń fa ọ̀rọ̀ sókè sódò sí i, ó fi wrap="word" sí i kó má máa gé ọ̀rọ̀ sí méjì. Nígbà táwọn ọmọdé ń fọwọ́ tẹ kíbọ́ọ̀dù tí lẹ́tà ń wọ àárín orin, ó tún sọ ọ́ di disabled, ìyẹn ni pé ó tì í (lẹ́yìn tí orin bá ti wọlé tán o, téèyàn bá kọ́kọ́ tì í, nǹkan kan ò ní wọlé mọ́).

Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ ń ṣe prógíráàmù, mo bẹ̀ yín, ẹ fi ẹ, ọ, ṣ dán iṣẹ́ yín wò kẹ́ ẹ tó gbé e fún wa. Ẹ má sì fi ANSI, orúkọ tí Bloc-notes ń pe àtẹ àtijọ́ yẹn, tọ́jú fáìlì Yorùbá láé. Ti "áº¹" yẹn ṣì ní àtúnṣe, báìtì ẹ̀ wà níbẹ̀. Àmọ́ ọmọkùnrin yẹn ti fi ANSI tọ́jú orin mẹ́rin, Bloc-notes kìlọ̀ fún un, ó tẹ OK, gbogbo ẹ, ọ, ṣ inú wọn ti di "?", mi ò sì ní òmíràn nílé. Tó bá di Sátidé mò ń padà lọ bá ìyá àgbà, kí wọ́n bá mi tún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Alákétu kan, Kétu