Lẹ́tà láti Kaohsiung: Ọ̀rọ̀ Ìyá Chen Chu

Adéọlá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Màmá ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? O ní kí n sọ irú èèyàn tó ń ṣe olórí ìlú lọ́dọ̀ wa níbí, ní ìlú Kaohsiung ní Taiwan, fún ọ. Ẹni tó ti kúrò lórí àga ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wù mí sọ, ìyá kan tó ń jẹ́ Chen Chu.

Ibùdókọ̀ ojú irin kan wà láàárín ìgboro, Formosa Boulevard ni wọ́n ń pè é. Bí o bá sọ̀kalẹ̀ síbẹ̀ tí o gbójú sókè, gíláàsì aláwọ̀ oríṣiríṣi ló bo òrùlé, ó fẹ̀ tó mítà 30. Oríta tó wà lókè rẹ̀ gan-an làwọn tó ń jà fún ìjọba tiwa-n-tiwa kóra jọ sí ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 1979, láyé òfin ológun. Ìjọba kó wọn, wọ́n sì kó ìyá náà mọ́ wọn. Ìyá ò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ tó lè gbẹ̀mí èèyàn ni ìjọba fi kàn wọ́n, débi pé ìyá jókòó kọ ìwé ìhágún nínú àtìmọ́lé. Ẹ̀wọ̀n ọdún 12 ni wọ́n dá fún ìyá. Ó lé ní ọdún mẹ́fà tí wọ́n lò kí wọ́n tó jáde ní 1986.

Ìlú yìí kan náà ló dìbò yan ìyá ṣe olórí ìlú ní 2006! Ìbò 1,114 péré ni wọ́n fi ju Huang Chun-ying tó bá wọn díje lọ. Ilé ẹjọ́ kan wọ́gi lé e lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kí ilé ẹjọ́ tó ga ju ìyẹn lọ tó dá a padà fún wọn. Adé, ìdí tí irú òǹkà bẹ́ẹ̀ kì í fi í dá ìlú rú nìyí: níṣojú gbogbo èèyàn ni wọ́n ń ka ìbò níbí. Wọ́n á gbé ìwé ìbò kọ̀ọ̀kan sókè, wọ́n á pe orúkọ tó wà lára rẹ̀ ketekete, ẹlòmíràn á sì máa fàlà sára pátákó. Ẹni tó bá wù lè dúró kó máa wò. Ó wú mi lórí gan-an.

Ìyá ní àbùkù tiwọn náà o. Nígbà tí ìjì Fanapi da omi bo ìlú ní 2010, ilé ni wọ́n ti ń sinmi fún wákàtí mélòó kan lọ́sàn-án yẹn. Inú bí ará ìlú, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Ìyá bẹ̀bẹ̀ ní gbangba. Alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Keje 2014 ló burú jù: gáàsì jò lábẹ́ títì, ó bú gbàmù, ọ̀nà là bí iṣu, èèyàn 32 ló bá a lọ, pánápáná wà nínú wọn. Síbẹ̀, lóṣù Kọkànlá, nǹkan bí ìdá 68 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dìbò ló tún yàn wọ́n. Lójú tèmi, àwọn ará ìlú mọ̀ pé ẹni tó ti fẹ̀mí wewu nítorí wọn ni.

Ní 2018 ìyá lọ ṣe akọ̀wé àgbà fún ààrẹ. Ní 2020 wọ́n di olórí àjọ tó ń tọpinpin àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, pẹ̀lú ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ẹni tí wọ́n fẹ́ pa!

Bá mi kí gbogbo ilé. Ìbò ìjọba ìbílẹ̀ yín ńkọ́? Ṣé wọ́n kà á níṣojú yín?

Èmi ni tìrẹ,
Bísí