Gírísì kọ́ ló tán nínú orúnkún wa, Ọ̀gá Olóòtú

Ọ̀gá Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ra ìwé ìròyìn yín lọ́wọ́ fẹ́ńdọ̀ iwájú páàkì, látìgbà tí mo ṣì ń ṣe tíṣà ni, èyí tí mo bá kà tán làwọn ọmọ kíláàsì mi fi ń bo ìwé wọn. Torí ẹ̀ ni mo ṣe rò pé mo lè bá yín jà díẹ̀ bí ará ilé.

Ojú ewé ìlera ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló fà á. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé làkúrègbé orúnkún àgbàlagbà máa ń wá torí pé gírísì inú oríkèé ti gbẹ, bíi mọ́tò tí wọn ò yí ọ́ìlì ẹ̀, ká tó wí ká tó fọ̀, nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni ìpolówó kápúsù kan wà, náírà 25,000 ìgò kan, tó ní òun á dá gírísì padà láàárín ọjọ́ 21. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n orúnkún mi ò bá mi rẹ́rìn-ín. Ẹni ọdún 66 ni mí, méjèèjì ló ń dùn mí, tí mo bá dìde lórí àga wọ́n á dún bí ẹni ń jẹ gúgúrú, obìnrin Yorùbá tí ò lè kúnlẹ̀ kí àna ẹ̀ mọ́, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí wọ́n á máa sọ lẹ́yìn ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ti fi owó pẹ́ńṣàn ra ìgò mẹ́ta kí n tó rí i.

Ìbéèrè kékeré kan lẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín. Orúnkún tó ní àìsàn yìí máa ń wú, omi á kún inú ẹ̀ débi pé dókítà á ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ láti fà á jáde. Ṣé nǹkan tó gbẹ ló ń kún?

Báyọ́lọ́jì ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ẹ fara balẹ̀ fún mi. Ẹ ṣáà mọ eegun bisikíìtì, èyí tí àwọn ọmọdé máa ń jà sí nínú ọbẹ̀. Irú ẹ̀ ló bo orí eegun méjèèjì níbi tí wọ́n ti pàdé nínú orúnkún, ó ń dán, ó ń yọ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀, kò sí iṣan tó ń mọ ìrora, ìyẹn ló jẹ́ kó lè máa bàjẹ́ lábẹ́lẹ̀ fún ọdún gbọọrọ kéèyàn tó mọ̀. Nǹkan méjì pàtàkì ló di í mú. Ọ̀kan ni okùn collagen (kì í ṣe ti inú ìpara táwọn ọmọge ń rà o, tiẹ̀ yàtọ̀). Ìkejì ni nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní aggrecan tó sá sáàárín okùn yẹn, tó ń fa omi mọ́ra bíi kànìnkànìn. Tẹ́ ẹ bá tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, omi á sún jáde díẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbésẹ̀, á padà wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni orúnkún ṣe ń gbé wa láti àárọ̀ dalẹ́.

Ohun tó ń bà á jẹ́ ni ẹ́ńsáìmù. Ẹ́ńsáìmù dà bí ọ̀bẹ kéékèèké tí ara fúnra ẹ̀ rọ, òun náà ló ń gé ẹ̀bà tẹ́ ẹ jẹ nínú ikùn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì inú bisikíìtì yẹn, àwọn kan náà tó ń ṣe ìtọ́jú ẹ̀, àwọn ló tún ń tú ọ̀bẹ yìí sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀ láti fi palẹ̀ èyí tó ti gbó mọ́. Nígbà tí àìsàn bá wọ̀ ọ́ ni wọ́n á wá máa tú u jù. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé ti mọ ẹ́ńsáìmù tipẹ́tipẹ́ láìmọ orúkọ ẹ̀. Tí ẹran màlúù bá gbó tí ò fẹ́ jinná, ẹ ò ń fi ewé ìbẹ́pẹ tàbí èso ẹ̀ tí ò tíì pọ́n sè é ni? Oje ẹ̀ ló ní ẹ́ńsáìmù tí wọ́n ń pè ní papain. Lọ́dún 1956 dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Lewis Thomas, fún ehoro ní abẹ́rẹ́ papain yìí sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, ó fẹ́ mọ nǹkan mìíràn ni o, ló bá rí i pé etí ehoro tó máa ń dúró ṣánṣán ti rọ wọlẹ̀ bí ewé tí oòrùn pa. Kànìnkànìn inú bisikíìtì etí ni ẹ́ńsáìmù ti fọ̀ kúrò. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí etí tún fi nàró, torí okùn ẹ̀ ò já, kànìnkànìn ló lọ, sẹ́ẹ̀lì sì ṣe òmíràn dípò ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fún ní cortisone (oògùn kan tó ń mú wíwú rọlẹ̀) pẹ̀lú papain, etí tiẹ̀ ò nàró padà lásìkò. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi cortisone yẹn sọ́kàn, mò ń padà bọ̀ níbẹ̀.

Nínú orúnkún èèyàn, èyí tó ń gé aggrecan ni ADAMTS-5, èmi Ádámù ni mò ń pè é jàre kórí má baà fọ́ mi. Èyí tó ń gé okùn collagen ni MMP-13. Ádámù ló sábà ń ṣíwájú. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ Ádámù nìkan ni, ìrètí ṣì wà, bíi ti etí ehoro yẹn, àmọ́ tí MMP-13 bá ti gé okùn, wàhálà dé nìyẹn, torí okùn tó wà lórúnkún yín báyìí, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ti wà níbẹ̀ látìgbà tẹ́ ẹ wà lọ́dọ̀ọ́, ara àgbà kì í hun òmíràn tó dà bíi ẹ̀.

Ẹ lè wá ní kí wọ́n ṣáà ṣe oògùn tó máa dí ọ̀bẹ lọ́wọ́. Wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀, ibi tí ìtàn ti dùn nìyí. Gbogbo ẹbí ọ̀bẹ yìí ló ní síńkì láàárín, síńkì kan náà tí wọ́n fi ń pa páànù òrùlé, láìsí síńkì yẹn wọn ò lè gé nǹkan kan. Oògùn ìgbà àkọ́kọ́, síńkì yẹn ni wọ́n ní kó lọ dì mú. Ẹ ẹ̀ rí i pé ó máa mú gbogbo ẹbí pọ̀, ọlọ́ṣà àti ọmọlúàbí? Marimastat jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, àwọn oníjẹjẹrẹ ni wọ́n kọ́kọ́ fún, ni èjìká àti ọwọ́ wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í le, tí oríkèé ń dùn wọ́n. Oògùn tó dáwọ́ lé ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ oríkèé ló tún wá ń fa ìrora oríkèé! Wọ́n tún gbé irú ẹ̀ mìíràn fún àwọn olórúnkún, ó ṣe bákan náà.

Lọ́dún 2005 ni ìmọ́lẹ̀ dé. Ikọ̀ méjì, ọ̀kan ní Amẹ́ríkà tí Sonya Glasson wà nínú ẹ̀, ọ̀kan ní Melbourne ní Ọsirélíà lọ́dọ̀ Amanda Fosang, gbé iṣẹ́ wọn jáde pọ̀ nínú Nature, ìwé ìròyìn àwọn onísáyẹ́ǹsì. Wọ́n bí eku tí ò ní Ádámù lára, wọ́n wá da orúnkún ẹ̀ láàmú, bisikíìtì ẹ̀ ò bàjẹ́ tó ti eku tó kù. Ayọ̀ ńlá ni. Ilé-iṣẹ́ Galapagos ti Bẹ́ljíọ̀mù àti Servier ti Faransé wá ṣe oògùn tó ń mú Ádámù nìkan, tó fi àwọn ẹbí ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n fi dán èèyàn 932 wò fún ọ̀sẹ̀ 52, lójoojúmọ́, wọ́n ń fi MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, wọn bisikíìtì orúnkún wọn. Oṣù kẹwàá 2020 ni wọ́n sọ èsì ẹ̀ fáyé gbọ́: kò ṣiṣẹ́. Bisikíìtì àwọn tó lo oògùn ń tín-ín-rín lọ bíi tàwọn tí wọ́n fún ní oògùn òfìfo. Bóyá ó ti pẹ́ jù lára wọn, bóyá orúnkún eku ò jọ tèèyàn tó bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣì ń jiyàn lé e lórí.

Mi ò rí ìròyìn yẹn nínú ìwé ìròyìn Yorùbá kankan o, Ọ̀gá Olóòtú, tiyín sì wà lára àwọn tí mo ń kà. Ilé-iṣẹ́ méjì tó lówó bí iyanrìn ná owó sí i, wọ́n jẹ́wọ́ ní gbangba pé kò ṣe é ṣe fún wọn, ẹnì kan wá ń ta ìgò 25,000 lójú ewé yín pé ọjọ́ 21.

Ó kù abẹ́rẹ́. Kẹ́mísì kan wà ládùúgbò wa, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ó gún orúnkún mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín oṣù méje, ó kàn ní abẹ́rẹ́ ìrora ni. Ó ṣe mí dáadáa lóòótọ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì méjì, mo tiẹ̀ jó níbi ìsìnkú ẹnì kan. Nígbà tí mo délé dókítà gidi ló tó sọ fún mi pé stẹ́rọ́ọ̀dù ni, ọmọ ìyá cortisone ti ehoro yẹn. Lọ́dún 2017 wọ́n gbé àyẹ̀wò kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí èèyàn 140, ìdajì gba stẹ́rọ́ọ̀dù sórúnkún lóṣù mẹ́ta mẹ́ta fún ọdún méjì, ìdajì gba omi oníyọ̀ lásán. Àwọn stẹ́rọ́ọ̀dù ló pàdánù bisikíìtì jù, ìrora wọn ò sì dín ju ti àwọn olómi iyọ̀ lọ. Dókítà lè fún èèyàn lẹ́ẹ̀kan tó bá wú gan-an, mi ò bá dókítà jà. Kẹ́mísì tó ń gún un bí ẹni ń gún iyán ni mò ń sọ.

Ohun tí dókítà ní kí n ṣe kò tiẹ̀ dùn ún polówó: kí n máa na ẹsẹ̀ lórí àga kí iṣan itan le, kí n sì sanra dín kù, torí kílò kan tó bá kúrò lára, kílò mẹ́rin ló ń kúrò lórí orúnkún ní gbogbo ìgbésẹ̀. Mo ti jù kílò márùn-ún sílẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Kì í ṣe pé ó ti tán, mo kàn lè gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì láìdúró báyìí ni.

Mo ti gé ojú ewé yẹn mọ́ lẹ́tà yìí. Ẹ bá mi bi ẹni tó gbé ìpolówó yẹn wá léèrè ọ̀rọ̀ kan péré: ẹ́ńsáìmù wo ni kápúsù ẹ̀ ń dí lọ́wọ́, èèyàn mélòó ló fi dán an wò? Kẹ́ ẹ sì tẹ èsì ẹ̀ síbi tẹ́ ẹ tẹ ìpolówó sí, kí lẹ́tà ẹ̀ tóbi tó ti ìpolówó, ọ̀rẹ́ mi tó ra ìgò mẹ́ta ò ríran dáadáa.

Èmi ni tiyín,
Màmá Tíṣà Báyọ́lọ́jì,
Ìjẹ̀bú-Òde